Ó Ṣì Kù Rẹpẹtẹ

Màmá Japheth kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun ti ń tán. Òun nìkan ló ń gbé ní Ìgàngán. Japheth, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Èrúwà pẹ̀lú Keturah ìyàwó rẹ̀ àti Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ wọn. Tíṣà ni tọkọtaya náà. Lóṣooṣù ni Japheth máa ń gbé oògùn lọ fún ìyá rẹ̀, àfi ìgbà tí àrùn kòrónà dé, tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, tí àwọn ọlọ́pàá gbégi dínà. Fóònù ni wọ́n wá fi ń kí i láràárọ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ti lo oògùn?"

"Mo ti lò ó, ọmọ mi. Ó ṣì kù rẹpẹtẹ. Ẹ jókòó sílé yín o."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Keturah. "Bàbá Moyọ̀, ìparí oṣù kejì lẹ gbé oògùn oṣù kan lọ. A ti wà láàárín oṣù kẹrin báyìí. Báwo ló ṣe máa ṣẹ́ kù?"

"Ẹnu Màmá ni mo ti gbọ́ ọ. Ṣé kí n pè wọ́n ní òpùrọ́ ni? Àbí o fẹ́ kí ọlọ́pàá gbé mi?"

Kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń bà á lẹ́rù. Àrùn náà ti pa ẹnìkan nínú ìjọ wọn ní Ìbàdàn, láti ìgbà náà ni Japheth ti ń fọ ọwọ́ títí tí ọwọ́ fi bó. Moyọ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ yọjú síta.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọmọ náà gbé fóònù wá bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń dáná. "Mọ́mì, Màmá Àgbà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oúnjẹ kún lẹ́nu."

Keturah gbé e sétí. Ohun tó gbọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́.

Dàda, ará ilé kejì, ló fi ọ̀kadà gbé Japheth gba ọ̀nà oko. Orí ẹní ni wọ́n ti bá Màmá, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra. Lójú fèrèsé ni Japheth ti rí hóró oògùn kan tí Màmá fi ọ̀bẹ gé sí mẹ́rin. Ìdá kan ló kù.

Obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò ń sunkún. "Wọ́n ní ká má sọ fún yín. Wọ́n ní ẹ ó fẹ́ wá, àrùn á sì ràn yín lọ́nà."

Japheth pọn ìyá rẹ̀, wọ́n fi ìró dè é mọ́ ọn lẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, wọ́n sì gun ọ̀kadà gba ojú títì padà. Ọlọ́pàá kan wò wọ́n, ó wọ́ igi kúrò lọ́nà, kò béèrè nǹkan kan. Ìyẹn ló dun Japheth jù. Ojú ọ̀nà tó ń sá fún kò le tó bó ṣe rò.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Màmá lò ní ọsibítù. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ kó tó kú. Ènìyàn mẹ́jọ péré ló dúró létí sàréè, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ìbòmú. Kò sẹ́ni tó dì mọ́ Japheth. Wọ́n juwọ́ sí i láti ọ̀ọ́kán, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Keturah kò sọ pé, "Ṣebí mo sọ fún yín." Ó bu omi sínú abọ́, ó kúnlẹ̀, ó ń fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Japheth ti bú sẹ́kún.