"Kú Ìrìn" Láìsí "Ẹ"

Ṣadé, jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ọ kí n tó gbàgbé. Ẹgbẹ́ wa tó máa ń fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀ Sátidé lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ ní abúlé kan. À ń rìn lọ láàárín oko kòkó, èmi ni mo wà níwájú, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín yín lẹ́yìn mi. Ọ̀nà náà ṣàdédé di ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé mi àtijọ́, kò sì yà mí lẹ́nu. Ìyá àgbà kan jókòó síbẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí.

Ó ní, "Kú ìrìn o, ọmọ mi."

Inú bí mi díẹ̀. Mo ní, "Ìyá, a pọ̀ o. 'Ẹ kú ìrìn' là ń kí èrò."

Ó wo ẹ̀yìn mi, ó rọra tún un sọ: "Kú ìrìn."

Ẹ̀rín yín ṣì ń dún, ṣùgbọ́n mi ò lè bojú wẹ̀yìn.

Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bóyá ẹ̀bà tí mo jẹ sùn ni. Àmọ́ nígbà tí mo jí, kí n tó rántí pé èmi nìkan ni mò ń gbé ilé yìí, mo ti bi yàrá léèrè pé, "Ṣé ẹ jí dáadáa?"