Ẹyin Lórí Ọ̀nà Páànù

Ṣíọ̀! Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bu ẹnu àtẹ́ lu nǹkan ní gbogbo ìlú Springbok, ní South Africa, ẹ má wulẹ̀ jìnnà, ẹ yà nílé Hardus Nieuwoudt. Ọkùnrin náà lè dúró níwájú ọkọ̀ tuntun, kó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ta táyà ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó sì sọ ọ́ di agolo sàdíìnì lójú ẹni tó ni ín. Alida ìyàwó ẹ̀ ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ rí. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tó ti ń gbọ́ ọ, etí ẹ̀ ti kún.

Lọ́dọọdún, tí Àjíǹde bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Hardus àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á gun alùpùpù, ó di etí odò ńlá ní aṣálẹ̀ Richtersveld. Alida ló ń di ẹrù wọn. Òun ló ń yan búrẹ́dì gbígbẹ, òun ló ń gé ẹran gbígbẹ sínú àpò, òun ló ń to sọ́séèjì sínú yìnyín. Wọ́n á lọ, òun á jókòó sílé, á máa fọ àwo tí wọ́n fi jẹun kí wọ́n tó lọ. Lọ́dún yìí, lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì nílé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń se oúnjẹ fọ́mọ ọlọ́mọ, ó ní òun náà ń lọ. Ó ní òun fẹ́ rí odò yẹn kóun tó kú. Ohun kan ló wà níbẹ̀: wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí ìbàdí ẹ̀, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́. Tí wọn ò bá rí ilé kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ rà, èyí tó ní ibùsùn gidi, Springbok ló tún máa jókòó sí, bóyá títí ayé.

"Mo gbà," ni Hardus wí. Ẹ gbọ́ bó ṣe gbà o. "Àmọ́ kò gbọdọ̀ wọ́n. Kò gbọdọ̀ tú sọ́nà. Ó sì gbọ́dọ̀ lè gbé alùpùpù mi, torí èmi ni mo máa wakọ̀. Obìnrin wo ló fẹ́ fa ilé lójú ọ̀nà yẹn?"

Alida ló ń wa píkọ́ọ̀pù wọn lọ sọ́jà, òun ló ń wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló ń fi í gbé Hardus wálé tó bá mutí yó. Ó kàn wò ó látòkè délẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé àfà nìyẹn. Èyí àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ dókítà eléyín kan. Ó funfun báláú, ó ń dán, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀. Hardus fi ìka kan gba ara ẹ̀, ó yínmú.

"Yàrá ìyàwó tuntun nìyí, kì í ṣe nǹkan aṣálẹ̀. Tó bá fojú kan òkúta, á dákú. Ẹ wo abẹ́ ẹ̀, ó mọ́ ju àwo oúnjẹ lọ. Kò tíì kúrò lójú títì rí látọjọ́ tí wọ́n ti rà á."

Alida ò bá a jiyàn, torí òótọ́ ni. Owó ẹ̀ náà ju agbára wọn lọ.

Ìkejì ò wọ́n. Ẹ̀yìn ni wọ́n ṣe irin tó ń gbé alùpùpù sí. Àmọ́ bí wọ́n ṣe gbé alùpùpù Hardus gun un báyìí, iwájú ẹ̀ gbé sókè, ìdí ẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ wò ó! Ẹ wo bó ṣe lóṣòó bí ajá tó fẹ́ yàgbẹ́!" Hardus rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ẹni tó fẹ́ tà á sì wọlé lọ, kò jáde mọ́.

Òótọ́ náà nìyẹn. Wàhálà Hardus ni pé á sọ òótọ́ fún yín lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ lè gba irọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Gawie Compion ló ni ìkẹta, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta àlòkù ilé àfà lẹ́yìn ilé epo ní ìpẹ̀kun ìlú. Ilé náà ò lẹ́wà, ká má purọ́. Àwọ̀ eérú ni, ó rí bí àpótí, àgùntàn ni wọ́n sì ń fi férémù ẹ̀ kó tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n irin ẹ̀ ki. Ibùsùn ẹ̀ ga dé itan èèyàn; Alida jókòó sí i, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó dìde, ìbàdí ò dùn ún. Ilé ìdáná ẹ̀ jẹ́ dúrọ́ọ̀ gbàǹgbà kan tó ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iwájú ni irin alùpùpù wà, lórí ọ̀pá tó so ó mọ́ ọkọ̀, kò sọ́rọ̀ pé ó ń lóṣòó. Owó tí Gawie pè, owó ìfẹ̀yìntì Alida ká a.

Ọkàn Alida ti bọ́ sí i. Hardus rí i lójú ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló pòṣé.

"Pósí nìyí. Kí n wá gbé alùpùpù mi lé orí pósí? Alùpùpù tí wọ́n bá ń gbé kiri, òkú ni. Ọkùnrin á gun tiẹ̀ látẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ títí dé odò."

"Hardus, ṣebí ìwọ lo ní ó gbọ́dọ̀ lè gbé e."

"Mo ní ó gbọ́dọ̀ lè gbé e. Mi ò ní kó gbé e."

Irú ẹni tí Alida fẹ́ nìyẹn o. Ẹ bá mi kí i.

"Oom Hardus, ẹ jẹ́ kí ẹyin sọ̀rọ̀," ni Gawie wí. Oom ni ọmọdé ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀, Tannie ni wọ́n ń pe àgbà obìnrin.

Bàbá Gawie ló dá àṣà yẹn sílẹ̀, gbogbo agbègbè náà ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé àfà lọ́wọ́ wọn, á to ẹyin méjìlá sínú dúrọ́ọ̀ ìdáná, á wọ́ ilé náà lọ sójú ọ̀nà páànù títí dé géètì àwọn àgùntàn, á sì wọ́ ọ padà. Tí ẹyin tó fọ́ bá ju ẹyọ kan lọ, wọn ò ní tà á fún un, kó tiẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

"Tannie Alida, ẹ fọwọ́ ara yín tò ó," ni Gawie wí, ó sì gbé ẹyin lé e lọ́wọ́.

Ọ̀nà páànù yìí, kò lọ́dà. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti sọ ọ́ di gbágungbàgun bíi páànù òrùlé. Nílẹ̀ yẹn, o lè gbàgbé orúkọ ọmọ ẹ, àmọ́ o ò gbọdọ̀ gbàgbé àtidín afẹ́fẹ́ táyà kù kó o tó wọ ọ̀nà náà. Táyà tó rọ̀ ló máa ń gba gbágungbàgun yẹn mọ́ra. Táyà líle á gbọn ẹrù ẹ di ìyẹ̀fun. Hardus sì ni wòlíì táyà. Kò síbi tí wọ́n ti ń sun ẹran tí kì í ti í wàásù ẹ̀: "Táyà ọkọ̀, táyà ohun tí ọkọ̀ ń fà, gbogbo ẹ̀ pátá! Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan, kó lọ máa gbé Cape Town, níbi tí gbogbo ọ̀nà ti lọ́dà!" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ṣe àmín.

Nígbà tí ọ̀dà tán, Hardus dúró, ó mú gééjì, ó bọ́ sílẹ̀. Alida jókòó sínú ọkọ̀, fèrèsé ṣí. Ó gbọ́ ṣííí níwájú lọ́tùn-ún, ó gbọ́ ọ lósì, ó gbọ́ méjèèjì ẹ̀yìn. Hardus kọjá sídìí ilé àfà, ó lóṣòó ti táyà kan níbẹ̀, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún lóṣòó. Ó dìde, ó gbọn eruku ara ẹ̀ nù, ó wọlé. Alida rò pé atẹ́gùn ló gbé ìró tìyẹn lọ.

Hardus wá tẹná mọ́tò. Nígbà tí wọ́n fi lọ géètì tí wọ́n fi bọ̀, eyín Alida ń gbá ara wọn. Wọ́n padà dé ibi tí ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀, Hardus ò tiẹ̀ jẹ́ kí eruku rọlẹ̀ kó tó lọ fa dúrọ́ọ̀ yọ.

Ẹyin ò ṣẹ́ kù. Méjèèjìlá ti di ọbẹ̀, èèpo ẹ̀ ń léfòó.

"Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ?" Ojú ẹ̀ ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n fún ní bisikíìtì. "Ṣé mo ní pósí ni àbí mi ò ní?"

Alida wá ike kan, ó ń gbọ́n ẹyin náà sí i, kó má baà kún inú ilé onílé. Ọkàn ẹ̀ ti já. Ó ń wo Hardus tó fa ẹ̀rọ ìfẹ́táyà jáde, tó ń dá afẹ́fẹ́ padà. Ó fẹ́ táyà mẹ́rin ti píkọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn náà ló ká rọ́bà ẹ̀, ó gbé e sínú ọkọ̀, ó ń súfèé.

Táyà méjì ti ilé àfà ńkọ́?

Alida dìde dúró, ẹyin ń kán lọ́wọ́ ẹ̀. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, ìbàdí ń ro ó, ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà. Ó le bí òkúta. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti àárọ̀.

Kì í ṣe ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Ojú ló kọ́kọ́ tì í, ó ń tijú fún un. Ọkùnrin tóun ń gbọ́únjẹ fún láti ọjọ́ yìí ò lè wojú òun kó ní "mi ò fẹ́ kó o tẹ̀ lé mi." Ó ní láti lọ lóṣòó sídìí táyà, kó fi ẹyin parọ́. Lẹ́yìn ìtìjú ni ẹ̀gàn dé, ìyẹn sì jókòó pa. Alida dé ike náà lórí, ó gbé e sẹ́sẹ̀ ẹ̀ nínú ọkọ̀.

Lọ́nà ilé, Hardus ń tù ú nínú. Ó ní, "Ó di ẹ̀ẹ̀míì, olólùfẹ́. Ìwọ ṣáà yan búrẹ́dì gbígbẹ wa. Fi bọ́tà sí i dáadáa o, ti èṣí gbẹ jù."

"Mo ti gbọ́," ni Alida wí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó dá padà lọ bá Gawie. "Kó ẹyin míì wá." Òun fúnra ẹ̀ ló so ilé náà mọ́ ọkọ̀, òun ló wà á. Níbi tí ọ̀dà tán, ó tú afẹ́fẹ́ táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ń sinmi láàárín kan sí èkejì, ó sì ń bú Hardus wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó lọ, ó bọ̀. Gawie fa dúrọ́ọ̀ yọ. Ẹyin kan ló sán tín-ín-rín, omi ẹ̀ ò tiẹ̀ jáde.

"Tannie," ni Gawie wí, ó ń wo táyà, "ìyẹn ni pé lánàá, Oom Hardus..."

"Gawie, gba owó ẹ, kó o panu mọ́. Bá mi tọ́jú ẹ̀ títí di Ẹtì Rere."

Láàárọ̀ Ẹtì Rere, oòrùn ti mú, Tollie àtàwọn ọ̀rẹ́ Hardus méjì tó kù ti gun alùpùpù wọn dé ẹnu ọ̀nà Hardus. Hardus ń wá àpótí oúnjẹ káàkiri bí adìyẹ tó fẹ́ yé.

"Alida! Àpótí dà? Alida!"

Alida ò sí nílé. Píkọ́ọ̀pù ò sí níta. Ibi tí wọ́n ti ń wo ara wọn lójú ni wọ́n ti gbọ́ ìró ọkọ̀, wọ́n rí i tó ń bọ̀, pẹ̀lú àpótí aláwọ̀ eérú yẹn lẹ́yìn ẹ̀. Lórí irin iwájú ẹ̀, alùpùpù pupa kékeré kan wà níbẹ̀, wọ́n fi okùn dì í dáadáa. Èyí tí bàbá Alida fún un nígbà tó wà lọ́mọge ni, tó fi ń da àgùntàn lóko wọn ní Garies. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni Hardus máa ń pè é, abẹ́ àpò ìdọ̀họ ló sì ń gbé látọjọ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó.

"Alida, ìwọ lo fà á wá?" Tollie la ẹnu sílẹ̀.

"Àbí o rí ẹlòmíì nídìí ẹ̀?"

Hardus ti gbaná jẹ. "Ilé tó fọ́ ẹyin méjìlá lo lọ rà? Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbà mí o! Méjìlá! Kò ku ẹyọ kan!"

"Méjìlá kẹ̀?" Tollie wo ilé náà, ó wo irin ẹ̀ tó ki, ó wá béèrè ohun tí gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà á béèrè. "Táyà ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ dín in kù?"

Alida pa ọkọ̀, ó yọjú lójú fèrèsé.

"Dá a lóhùn, Hardus. O gbàgbé ni, àbí o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

Ẹ wo wòlíì! Tó bá ní òun gbàgbé, ìwàásù ọgbọ̀n ọdún dòfo. Tó bá ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ìyàwó gbogbo wọn á gbọ́ kó tó dalẹ́. Ó wo Alida, ó wo Tollie, ó wo bàtà ẹ̀.

"Mo... mo gbàgbé."

Tollie rẹ́rìn-ín débi tó fẹ́ẹ̀ ṣubú lórí alùpùpù. "Hardus gbàgbé táyà! Hardus! Ó yá, máa lọ sí Cape Town!"

Alida ò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ó gbàgbé ọjọ́ ìbí mi lọ́dún tó kọjá. Ó gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n la ìbàdí mi. Táyà? Hardus ò gbàgbé táyà rí láyé ẹ̀."

Ẹ̀rín Tollie gé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún fìlà irin orí ẹ̀ ṣe.

"Níbo ni kí n gbé alùpùpù mi sí?" Ohùn Hardus ti lọ sílẹ̀.

"Alùpùpù tí wọ́n bá ń gbé kiri, òkú ni. Gun tìẹ dé odò."

"Níbo ni mo máa sùn?"

"Ilẹ̀ pọ̀."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

Alida gbé ike kan jáde lójú fèrèsé, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó tutù nini. "Ẹyin tó o fọ́ ni. Mo gbé e sínú fíríìsà. Yọ èèpo ẹ̀ kó o tó din ín."

Ló bá ṣíná sọ́kọ̀, ó lọ.

Àwọn alùpùpù bá a níbi tí ọ̀dà tán. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú eruku, ó ti ṣe mẹ́rin ti píkọ́ọ̀pù, ó kù méjì ti ilé àfà. Àwọn tó kù dúró lókèèrè. Hardus ló bọ́ sílẹ̀, ó yọ gééjì lápò, ó ń bọ̀ tìtìjú-tìtìjú.

"Má ni ìbàdí ẹ lára," ó ní, "jẹ́ kí n bá ẹ ṣe méjì yẹn."

Alida ò gbójú sókè.

"Rárá o," ó ní. "O lè gbàgbé."