Ìrìn Àìfọhùn sí Òkè Ìdúpẹ́

Ọ̀nà tí àwọn bàbá ìjọ máa ń tọ̀ lọ sí Òkè Ìdúpẹ́ kò gba mọ́tò rí. Láti ẹ̀yìn Òṣú ni ó ti ń gun òkè, ó la oko kòkó kọjá, ó ré odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ìwẹsẹ̀ kọjá, kí ó tó já sí pápá gbalasa kan lókè, níbi tí koríko ti pọ̀ ju igi lọ, tí àwọn Fúlàní ti ń da màlúù. Ní ìkángun pápá náà ni òkúta àdúrà wà. Ní ayé ìsinsìnyí, títì ọlọ́dà ti dé ìdí òkè náà láti ìhà kejì, bọ́ọ̀sì sì ni ìjọ ń wọ̀ lọ. Koríko ti ń bo ọ̀nà àtijọ́ mọ́lẹ̀.

Pápá Nehemiah Akínladé kọ bọ́ọ̀sì. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, alàgbà ni nínú ìjọ Àpọ́sítélì kan ní Iléṣà, kì í sì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń yí padà bí ewé inú afẹ́fẹ́. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí wọ́n gbé Wúrà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní Òṣogbo, tí dókítà kò sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé yóò jáde, Pápá kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́: bí Ọlọ́run bá dá ọmọ náà padà fún òun, òun yóò rin ọ̀nà àwọn bàbá, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ní àìfọhùn. Wúrà jáde, ara rẹ̀ sì le. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀jẹ́ ti jókòó sí ọkàn bàbá rẹ̀ bí àlejò tí a kò tíì fún lómi. Ó gbàgbọ́ pé ẹ̀jẹ́ tí bàbá kò bá san, ara ọmọ ni a ó ti gbà á.

Wúrà ní kò sí bí bàbá òun yóò ṣe dá rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bàtà kánfáàsì ni ó wọ̀, ó gbé omi àti búrẹ́dì sínú àpò ẹ̀yìn, ó sì bá a jáde ní òwúrọ̀.

"Bàbá, bí ẹ ṣe ń rìn yìí, àwọn tó wọ bọ́ọ̀sì á ti gbàdúrà, wọn á ti jẹun, wọn á ti sùn ká tó dé."

"Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì, kí bọ́ọ̀sì bá a gba èrè rẹ̀."

"Ẹ má ṣépè fún Ìyá Ìjọ o. Iwájú ni wọ́n jókòó sí."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Pápá, ó gbé e mì.

Nígbà tí wọ́n dé odò, ó bọ́ bàtà, ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì sọ òfin fún un. "Láti ibí títí n ó fi fọwọ́ kan òkúta, n kò ní fọhùn. Ẹni tó bá fọhùn lójú ọ̀nà, ibí ni yóò padà sí láti tún bẹ̀rẹ̀. Bí o bá gbọ́ tí mo pàtẹ́wọ́, ọpẹ́ ni mò ń dá. Kí o pa tìrẹ náà, kí o sì máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é."

"Tí ejò bá wá fẹ́ bù mí jẹ ńkọ́?"

"Ejò tó bá mọ bí ẹnu rẹ ṣe mú, kò ní sún mọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nìyẹn. Ó kọjá odò, ó sì pa ẹnu dé.

Òkè náà ga ju bí ó ti rántí rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fi yọ sí orí pápá, ẹ̀gún ti gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀ níbi mélòó kan. Afẹ́fẹ́ ń tẹ koríko síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìrì kò tíì gbẹ lára rẹ̀. Pápá ronú kan àwọn tí ó ti bá rìn níhìn-ín nígbà èwe rẹ̀, tí wọ́n ti wà lábẹ́ ilẹ̀ báyìí. Ní òkèèrè, ó rí òkúta, ó sì rí aṣọ funfun àwọn ìjọ tó ti ṣáájú dé. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́.

Wúrà ti lọ síwájú. Ó yọ fóònù, ó kọjú sí bàbá rẹ̀ láti ya fọ́tò rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn. Kò rí ohun tí Pápá rí: abo màlúù kan dúró nínú koríko gíga, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì mọ ìrìn wà lábẹ́ rẹ̀, ojú ìyá sì wà lára Wúrà.

Pápá pàtẹ́wọ́ kíkankíkan.

Wúrà rẹ́rìn-ín, ó fi fóònù há abíyá, ó pàtẹ́wọ́ tirẹ̀ padà, ó sì tún fi ẹ̀yìn rìn lọ díẹ̀ sí i. Pápá ń pàtẹ́wọ́, ó ń ju apá, ó ń sáré tiro. Ọmọ náà rò pé ọpẹ́ bàbá òun ti di ijó. Màlúù tẹ orí ba.

"Wúrà, ẹ̀yìn rẹ!"

Ó yíjú, ó sì fò sí ẹ̀yìn àpáta kan tó wà nítòsí. Ìwo màlúù bá àpò ẹ̀yìn rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀, ó fà á ya. Darandaran kan sáré yọ pẹ̀lú ọ̀pá, ó súfèé, ó sì dá a padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Àná ló bí i," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ má bínú."

Nígbà tí ó lọ tán, Wúrà jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó jókòó sí nínú koríko.

"Bàbá, ẹ gbà mí là."

"Mo ti fọhùn."

"Ṣé kí ẹ máa wò ó kó kàn mí pa ni?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, n ó tún ké. Ṣùgbọ́n mo ti fọhùn."

"Ọlọ́run rí màlúù náà, Bàbá. Ó mọ ohun tó mú yín ké."

"Ó mọ̀. Èmi náà mọ ohun tí mo sọ fún Un. N kò sọ fún Un pé àfi bí màlúù bá dé."

Wúrà nawọ́ síwájú. "Ẹ wo òkúta lọ́hùn-ún. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín. Kò lè gbé yín rin ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀kejì."

Pápá wo òkúta náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kọjú sí ibi tí wọ́n ti wá, ó sì ń lọ. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn. Bí ọmọ náà bá lọ bá àwọn ìjọ, kò jẹ̀bi. Ó ti sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì òkè kí ó tó gbọ́ tí ewé gbígbẹ ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

Ní etí odò, Wúrà jókòó tì í, ó tú okùn bàtà rẹ̀.

"Kì í ṣe ìwọ lo jẹ́ ẹ̀jẹ́," ni Pápá wí.

"Èmi ni ẹ jẹ́ ẹ lé lórí."

Ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá ń wò ó, ọ̀rọ̀ kan sì gòkè wá sí i lọ́nà ọ̀fun, èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún tó kọjá.

"Ọma mi," ni ó wí, ní ohùn Ìjẹ̀ṣà tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ, "àwọn ìjọ ní ìgbàgbọ́ mi ló gbà ọ́. Kì í ṣe ìgbàgbọ́ ni mo fi kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ẹ̀rù ni."

Wúrà la ẹnu láti dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti kọjá omi, òfin sì ti mú òun náà. Ó pa ẹnu dé, ó na ọwọ́ sí i, Pápá sì kọjá.

Oòrùn ti mú nígbà tí wọ́n tún yọ sí orí pápá. Orin àwọn ìjọ ti dákẹ́. Bọ́ọ̀sì ti kó wọn lọ. Ní ìdajì ọ̀nà, eékún Pápá kọ̀, ó sì dúró. Wúrà gbé apá bàbá rẹ̀ kọ́ ọrùn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá le gbagidi, kò fara tì í. Ó ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó ti sọ ọ́ gan-an lórí eékún. Ó sọ ti ọ̀nà àwọn bàbá. Ó sọ ti ẹsẹ̀ lásán. Ó sọ ti àìfọhùn. Ó tún un yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò fẹ́ rẹ́ Ọlọ́run jẹ. Kò sí ibì kan tí ó ti sọ pé òun yóò dá rìn.

Nígbà náà ni ó tó fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀.