Fáàfù Èéfín Tí Múrítàlá Yọ Dànù

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí wọ́n ti lé Ràímì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì Ọ̀gá Yahya ní Shasha, nítorí àkísà kan ṣoṣo. Wọ́n ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́tò fún tíṣà kan lọ́jọ́ náà. Òfin ṣọ́ọ̀bù ni pé ẹni tó bá ṣí ẹnu ẹ́ńjìnnì ni yóò fi àkísà dí i kí ìdọ̀tí má baà wọlé, ẹni tó dí i náà ni yóò sì yọ àkísà kúrò. Múrítàlá, tí òun àti Ràímì jọ ń kọ́ṣẹ́, ló dí i. Múrítàlá ló gbàgbé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí Ọ̀gá Yahya tú u, tó fa àkísà tó ti jó jáde lójú tíṣà, Múrítàlá nàka sí Ràímì, kò sì ṣẹ́jú.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ràímì gba fíríìdọ̀mù. Kò kàwé kọjá pírámárì fóò. Sàtífíkéètì fíríìdọ̀mù yẹn nìkan ni ìwé tí ì bá ní láyé yìí, wọn ò sì fún un.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ràímì ti dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìgàndó, ó mọṣẹ́ dunjú, ṣùgbọ́n bí oníbàárà tuntun bá gbójú wo ara ògiri tó bèèrè sàtífíkéètì, a tún rántí àkísà yẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Àyìnkẹ́, tíṣà kan tó ń gbé ní Gowon Estate, wa mọ́tò rẹ̀ wọlé. Mọ́tò ń han bí ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú. Ọkùnrin kan jókòó tì í, ó wọ dígí dúdú, ikùn rẹ̀ kan dáṣíbọ́ọ̀dù.

“Ọ̀gá Ràímì, ẹ gbà mí,” Àyìnkẹ́ wí. “Ọjọ́ kẹwàá rèé tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Tí mo bá tẹ bíréèkì, á fẹ́ kú. Tí mo bá dúró, á máa pariwo fúnra ẹ̀.”

“Ta ló pààrọ̀ ẹ̀?” Ràímì bèèrè. Ó kúkú ti rí ẹni tó wà nínú mọ́tò.

“Èmi ni,” Múrítàlá dáhùn, ó ń gbé ikùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. “Wáyà kékeré kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, jàre. Ojú tó ń dùn mí ni mi ò fi tíì rí i, ni màdáámú fi ní ká wá sọ́dọ̀ rẹ.”

Ràímì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ kó tó rí i. Fáàfù kan wà tó máa ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì kó tún un jó. Àyè rẹ̀ ṣófo. Ẹnu ihò kan, Múrítàlá fi irin dí i. Ẹnu ihò kejì, gọ́ọ̀mù ni. Gọ́ọ̀mù ti sán, atẹ́gùn sì ń súfèé gba ibẹ̀ wọlé.

Ràímì fi imú rẹ́rìn-ín. “Múrítàlá, fáàfù èéfín dà?”

“Mo yọ ọ́ dànù. Kí ló wúlò fún? Gbogbo wa la máa ń yọ ọ́.”

“Gbogbo yín. Ẹni tó jókòó ṣe mọ́tò lọ́hùn-ún ló ya wèrè, àbí? Ìwọ tó o fi gọ́ọ̀mù dí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń lẹ bàtà, ìwọ lo gbọ́n.”

“Èérú ti dí i pa ni ṣá!”

“Tí ikun bá dí ẹ nímú, ṣé ò ń fọnkun ni, àbí ò ń gé imú dànù?”

Àyìnkẹ́ bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé mọ́tò òun ni.

“Màdáámú,” Ràímì wí, “mo ní irú fáàfù yẹn nílẹ̀. Màá fọ̀ ọ́, màá dè é padà, ẹ ó gbé mọ́tò yín lọ kí wọ́n tó kírun àsárì. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kàn án títí ọkùnrin yìí yóò fi sọ ẹni tó gbàgbé àkísà sínú ẹ́ńjìnnì ní Shasha.”

“Ràímì! O ò tíì gbàgbé ìyẹn?”

“Ìgbàgbé ò sí nínú iṣẹ́ tèmi. Nínú iṣẹ́ tìẹ ló wà.”

Àyìnkẹ́ yíjú sí Múrítàlá. “Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ sọ ọ́. Èmi ni mo ń ní kí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi máa gbé mọ́tò wá fún yín. Tí mi ò bá gbé mọ́tò yìí lọ lónìí, màá sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù yìí fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Ràímì ti fa fóònù yọ. Ọdún mẹ́jọ ni nọ́ńbà Ọ̀gá Yahya ti wà níbẹ̀, kò pè é rí. Bàbá ti darúgbó, ó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

“Ta nìyẹn?” ohùn gbígbẹ kan bèèrè.

“Ràímì ni, Ọ̀gá. Ẹ ǹlẹ́ o, sà.”

“Ràímì wo? Ràímì alákìísà?”

Ràímì gbé e mì. Ó na fóònù sí ẹnu Múrítàlá. Múrítàlá yọ dígí, ó wo ilẹ̀, ó wo Àyìnkẹ́.

“Ọ̀gá, Múrítàlá ni,” ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Àkísà mọ́tò tíṣà ọjọ́sí… èmi ni mo fi dí i.”

“Gbé ohùn sókè! Etí mi ò já geere mọ́.”

Fọganáísà òdìkejì títì gbórí sókè. Ràímì ò gbé fóònù kúrò.

“Mo ní èmi ni, Ọ̀gá!” Múrítàlá lọgun. “Èmi ni mo gbàgbé ẹ̀! Mo mọ̀ pé èmi ni, mo wá purọ́ mọ́ Ràímì!”