Èjìká Ọlọ́wọ́-Òsì

Ìwọ tí o ń ka èyí, tètè gbọ́ tèmi kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Bí ọmọ rẹ bá ń ṣe iṣẹ́ tí o ti ṣe rí, tí wọ́n sì ní kí o wá wò ó, má jókòó síbi tí ojú rẹ̀ ti lè ká ọ. Jókòó sẹ́yìn òpó. Bí kò bá sí òpó, dúró síta. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà ọ́. Ẹ̀rù náà ti wà nílẹ̀ kí n tó dé. Mo kàn ń fi hàn ọ́ ni, kí o má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí, Ọlọ́wọ́-Òsì ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí pé ọwọ́ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì. Ó gbá a títí ó fi di ọ̀gá lórí gbogbo wọn. Àwọn tó bá a figagbága máa ń ní ojú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ẹni tó wà lódìkejì àwọ̀n bá ti ju bọ́ọ̀lù sókè láti gbá a wá, Ọlọ́wọ́-Òsì á ti fì sí ìhà ibi tó ń bọ̀, kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lójú rákẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n ìgbà kò lọ bí òréré. Èjìká tó gbé e dókè náà ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èjìká òsì ya nínú, dókítà rán an, ó tún ya, dókítà ní ó tó, kó jókòó. Ó jókòó. Ìjókòó yẹn, iṣẹ́ ńlá ni. Láàárọ̀, á wọ bàtà eré, á so okùn rẹ̀, á wá rántí pé kò síbi tí òun ń lọ. Bó bá tò níbi tí wọ́n ti ń sanwó ọjà, ìlà kejì lá máa wò, inú á máa bí i bí ìyẹn bá yára ju tirẹ̀ lọ. Bó bá ń fọ abọ́, á fẹ́ fọ̀ ọ́ tán kí orin orí rédíò tó tán. Ọkọ rẹ̀, aránbàtà tí kì í sọ̀rọ̀ láì fi ẹ̀fẹ̀ sí i, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Ìyá Tínrín, abọ́ yẹn ti túúbá o. Dárí jì í.”

Tínrín ni ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ó tín-ín-rín lóòótọ́ bí ọwọ̀ tó ti gbó, ó sì ń gbá tẹníìsì bí ìyá rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ni tirẹ̀. Eré ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ló máa fi hàn bóyá wọ́n á mú un wọ ẹgbẹ́ àwọn àgbà. Ó ti sọ fún àwọn òbí rẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ, láìgbójú sókè, pé bí òun bá pàdánù, òun á gbé rákẹ́ẹ̀tì kọ́, òun á lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bàbá rẹ̀ ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dára, ó kéré tán bàtà wọn kì í tètè ya. Ohun tó ń ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù ju kí ọmọ pàdánù lọ. Ó ń rò ó pé bóyá ọmọ yìí kò tiẹ̀ fẹ́ràn eré náà rí, bóyá nítorí ojú òun nìkan ló ṣe ń gbá a. Èyí ló fẹ́ mọ̀, òun náà ló sì ń bẹ̀rù láti mọ̀.

Òfin wà níbi ìdíje náà pé ẹnikẹ́ni tó wá wòran kò gbọdọ̀ kọ́ eléré, ì báà fi ẹnu, ì báà fi ọwọ́. Ọlọ́wọ́-Òsì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan, ó pa ẹnu dé. Ìjókòó tí wọ́n fún òun àti ọkọ rẹ̀ wà ní ìparí pápá, iwájú pátápátá.

Ẹni tí Tínrín ń bá figagbága jẹ́ ọmọbìnrin kan tí apá rẹ̀ ki, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọ́n fìbínú pa dé. Nígbà tí ọmọ yẹn bá wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wọn, tó kẹ́yìn sí wọn, tí Tínrín sì dojú kọ wọ́n láti òdìkejì, kò sí bọ́ọ̀lù tí Tínrín kì í dá padà. Bí wọ́n bá wá pààrọ̀ ìhà, tí Tínrín kẹ́yìn sí wọn, bọ́ọ̀lù á kàn máa kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó dúró níbẹ̀. Aránbàtà họrí, ó ní bóyá oòrùn ló ń mú un lójú. Oòrùn wo? Ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀run.

Olùkọ́ ọmọ kejì ló kọ́kọ́ fura. Ó tọ adájọ́ lọ lórí àga gíga, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó nawọ́ sí ìjókòó wọn. Adájọ́ wò wọ́n pẹ́. Nígbà tí wọ́n tún gbá díẹ̀, ó kéde pé ìyá eléré ń júwe, pé bí ó bá tún ṣe é, Tínrín á pàdánù pọ́ìntì kan.

Gbogbo ojú yí sí i. Inú bí Ọlọ́wọ́-Òsì. Ọwọ́ òun tó wà láàárín itan, ṣé òun náà ló ń júwe? Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ pé kó jẹ́rìí òun. Ẹ wò ó, ọkùnrin tí kì í yéé ṣẹ̀fẹ̀ kò ṣẹ̀fẹ̀.

“Èjìká rẹ ni,” ó ní. “Mo ṣe bí o mọ̀ ni. Bí ọmọ kejì yẹn bá ti ju bọ́ọ̀lù sókè báyìí, wàá fì. Nílé pàápàá, tó o bá ń wo eré lórí tẹlifíṣọ̀n, ńṣe lò ń fì.”

Ọlọ́wọ́-Òsì fi ọwọ́ ọ̀tún gbá èjìká òsì mú, ó dì í pinpin. Ọmọ kejì ju bọ́ọ̀lù sókè. Èjìká fò lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí òròmọdìẹ tó fẹ́ já bọ́. Ìgbà yẹn ló gbójú sókè, tó rí ojú Tínrín lókèèrè. Ojú náà kò sí lára bọ́ọ̀lù. Ara òun ló wà.

Adájọ́ gba pọ́ìntì kan lọ́wọ́ Tínrín.

Ẹ má pè é ní òjóró, mo bẹ̀ yín. Ọmọ kò mọ̀ pé òun ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ìyá kò ti mọ̀. Ọmọ ló ń mọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé inú ìyá òun kò dùn lónìí. Báwo ló ṣe ń mọ̀ ọ́n? Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí rí.

Bó bá dúró, èjìká kò ní gbọ́ràn. Bó bá lọ, ọmọ á rí i pé ó lọ. Ó dìde. Tínrín fi ojú tẹ̀ lé e títí dé ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ bí ojú ọmọ tí wọ́n já sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Abẹ́ ibi ìjókòó ló bọ́ sí, nínú yàrá kan tí wọ́n ti ń fọ táwẹ́ẹ̀lì àwọn eléré. Alágbàfọ̀ kan ló wà níbẹ̀, kò mọ̀ ọ́n rárá, ó kàn ní kó bá òun mú etí táwẹ́ẹ̀lì kejì. Wọ́n jọ ń ká a. Alágbàfọ̀ bi í bóyá ó ti gbá tẹníìsì rí. Ó ní òun gbá a díẹ̀.

Lókè, àtẹ́wọ́ ń rọ̀ bí òjò lórí páànù. Kò mọ ẹni tí wọ́n ń pa á fún. Ìró bọ́ọ̀lù kì í sọ ẹni tó gbá a. Ó rò ó pé bó ṣe rí nígbà tí òun náà ń gbá a lókè nìyí, ariwo lórí, èèyàn lábẹ́ tó ń ká aṣọ. Àwọn ife-ẹ̀yẹ rẹ̀ wà nínú páálí, ó ṣòro kó tó rántí wọn. Ohun tó ń rántí ni bó ṣe máa ń bì nínú ilé ìtura kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tó máa ń ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́. Wọ́n ní kò mọ ẹ̀rù. Bó bá gba ife, ayọ̀ náà kì í bá a délé. Kó tó bọ́ bàtà, ẹ̀rù eré tó kàn á ti jókòó dè é lórí bẹ́ẹ̀dì. Síbẹ̀ ó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́. Èèyàn lè máa bẹ̀rù nǹkan, kó sì máa sáré lọ bá a lójoojúmọ́. Ṣé Tínrín ní irú rẹ̀? Ìyẹn ni kò mọ̀.

Nígbà tí òjò àtẹ́wọ́ náà dá, ọmọ náà wọlé, òógùn bò ó, ojú rẹ̀ pọ́n. Bàbá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àpò.

“Mo pàdánù, Mọ́mì.”

Ọlọ́wọ́-Òsì bẹ̀ ẹ́ nítorí èjìká. Ó sọ ti èébì náà fún un pẹ̀lú, níwájú alágbàfọ̀, ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Tínrín gbọ́, ó ní òun náà máa ń bì, òun rò pé òun nìkan ni. Ó ní nígbà tí màmá òun jáde, òun bínú sí i gan-an, òun kò rí nǹkan kan, ńṣe ni òun ń pàdánù ṣáá. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan tí ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́ rí.

“Mo wá rí bọ́ọ̀lù kan,” ó ní. “Eré ti fẹ́ parí nígbà yẹn. Mo rí ibi tó ń lọ kí ọmọ yẹn tó gbá a. Èmi fúnra mi.”

Bàbá rẹ̀ béèrè bóyá kí òun lọ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ fún bàtà nọ́ọ̀sì. Tínrín ní kí nọ́ọ̀sì ṣì dúró ná, òun fẹ́ tún rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó mọ ohun tí òun máa ṣe. Ó wá di ọwọ́ aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

“Mọ́mì, ọrùn ọwọ́ ọmọ yẹn ni, àbí ẹsẹ̀? Ó dà bíi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yí díẹ̀. Ṣé ohun tí ẹ máa ń rí nìyẹn?”

Ìdáhùn ti wà lórí ahọ́n Ọlọ́wọ́-Òsì, ó gbóná bí ẹyín iná. Aránbàtà ń wò ó. Alágbàfọ̀ pàápàá dúró.

“Mi ò mọ̀.”

“Ẹ mọ̀, Mọ́mì. Ẹ sọ fún mi.”

“Lọ wẹ̀,” ó ní. “Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́. Ojú tìrẹ ni kó máa rí i.”

Ó mú etí táwẹ́ẹ̀lì mìíràn, ó sì ń ká a.