Ẹ̀ka Umphafa Lórí Òkè Van Reenen

Èmi nìkan ni mo rí i. Nínú gbogbo awakọ̀ takisí ilẹ̀ Zulu, kò sẹ́ni tójú ẹ̀ mú tó tèmi. Bí mọ́tò bá wà lórí eré, mo lè ka irun ẹsẹ̀ eṣinṣin.

Ṣé ẹ mọ Sibangani Mthiyane? Ọdún méjìlá gbáko ló fi ṣe olórí adigunjalè nínú tẹlifíṣàn. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, àwọn ìyá á fa ọmọ wọn mọ́ra, ajá gan-an á ká ìrù sábẹ́. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ máa darí fíìmù. Àkọ́kọ́ tó máa ṣe dá lórí ọkùnrin kan tó lọ mú ẹ̀mí àbúrò ẹ̀ wálé láti ojú títì tó kú sí. Orí òkè Van Reenen ló ti ń ya á, níbi tí bọ́ọ̀sì ti pa Falakhe, àbúrò tiẹ̀ gan-an, lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Òun àgbà ló yẹ kó lọ mú Falakhe wálé, àmọ́ gbogbo ìgbà tí ìyá ẹ̀ bá bẹ̀ ẹ́, èsì kan náà ni: "Màmá, ẹ jẹ́ ká ya eléyìí tán ná."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kẹ́yìn tí wọ́n ní lórí òkè, kùrukùru bolẹ̀ débi pé èèyàn ò rí imú ara ẹ̀. Òṣèré tó yẹ kó gbé ẹ̀ka umphafa, igi táwọn Zulu fi ń mú ẹ̀mí òkú wálé, ò dé. Sibangani ní òun á ṣe é fúnra òun.

"Ọmọ mi, já ẹ̀ka igi míì," MaKhoza, àgbà òṣèré tó ń ṣe ìyá nínú fíìmù náà, sọ fún un. "Umphafa kì í ṣe ohun ìṣeré."

"Màmá, kámẹ́rà máa ń mọ irọ́."

"Ṣé kámẹ́rà ló bí ẹ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tan kámẹ́rà. Bhekani lorúkọ tó wà nínú ìwé eré, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu Sibangani ni, "Falakhe, dìde, ká lọ sílé."

Lójijì, ẹ̀ka náà wúwo bí ẹni pé wọ́n so màlúù mọ́ ọn. Sibangani yíjú sáwọn èèyàn ẹ̀, ó kígbe, "Ó tó! Ẹ pa kámẹ́rà!"

MaKhoza káwọ́ lérí. "O pè é, ó dìde, o wá ń bá wa sọ̀rọ̀! Ta ló ń gbé umphafa tó ń bá alààyè sọ̀rọ̀ kó tó délé? Àárín títì ló dúró sí báyìí, kò mọ ẹni tó máa tẹ̀ lé."

Nísàlẹ̀ òkè, ọkọ̀ àjàgbé kan fọn fèrè. Lójú Sibangani, ó dà bíi pé wọ́n ń bọ̀ wá pa àbúrò ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó kúnlẹ̀ sójú títì, ó bẹ Falakhe, ó tún un pè, ó sì pa ẹnu dé, ẹnu tó fi ń jẹun lọ́dún méjìlá. Ó wọ takisí mi, èyí tí mo fi ń gbé wọn lọ sórí òkè, láìwẹ̀yìn wo kámẹ́rà. MaKhoza gba àyè méjì fún un, ìkejì ṣófo, ti Falakhe ni.

Nítòsí Ladysmith, ọlọ́pàá kan dá wa dúró. "Háà! Olórí adigunjalè! Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ 'Ọwọ́ sókè' fún wa!"

Sibangani ò fọhùn. Òógùn bò ó.

"Ẹ̀ẹ́n, o ń ṣe fọ́ńté sí mi? Sọ̀ kalẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ ti dé eyín Sibangani. Ó yáa gbé ẹ̀ka náà sókè.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá," MaKhoza ní, "ẹni méjì ló jókòó síbẹ̀ yẹn."

Ọlọ́pàá ṣí fìlà. Ó kọjú sí àyè tó ṣófo: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bá a ṣe ń lọ, MaKhoza dijú, ó ń gbàdúrà. Sibangani dojú bolẹ̀, ẹ̀rù ò jẹ́ kó wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Èmi wo dígí. Bẹ́líìtì àyè òfìfo yẹn ti fà le, bí ìgbà tó wà láyà èèyàn, omi sì ń kán tótó lára ẹ̀, bíi ti ẹni tó dúró nínú kùrukùru fún ọdún mọ́kànlá.

Ní Nongoma, ìlú wọn, ìyá Sibangani wà lẹ́nu ọ̀nà. Sibangani ò kí i. Ó kọjá wọ ilé róbótó, ó tẹ́ ẹ̀ka náà síbi tí wọ́n ti ń bá àwọn baba ńlá sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún.

"Ṣé o ti ya á tán?" ìyá ẹ̀ bi í.

"Mi ò ya á, Màmá. Mo mú un wá."

Kámẹ́rà ò rí i, MaKhoza ò rí i. Àyè yẹn ṣì tutù nínú mọ́tò mi dòní. O ń rẹ́rìn-ín? Wá jókòó síbẹ̀ ná kó o tó pè mí lónírọ́. Gbà mí gbọ́, jàre!