Ìwé Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ilẹ̀kùn

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo di ìgò oògùn Iyìolúwa mú, n kò sì rántí bóyá mo ti fún un tàbí n kò tíì fún un. Ọmọ ọdún méje ni, wárápá ló ń bá a jà láti kékeré. Mo ti da oògùn náà sínú ṣíbí kí n tó rí ṣíbí mìíràn nínú abọ́, tí oògùn ṣì tutù lára rẹ̀. Mo ti fún un. Díẹ̀ ló kù kí n fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi: "Mọ́mì Iyì, bí ọmọ bá sùn lọ́sàn-án, kí ẹ̀yin náà sùn." Ó rọrùn láti sọ. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, èmi nìkan ni mò ń ṣọ́ ọ, ilé ẹbí ọkọ mi ní Bẹ́yẹrúnkà ni a sì ń gbé, níbi tí gbogbo ènìyàn ti gbọdọ̀ wá kí aláìsàn.

Ọmọ sùn ní agogo kan. Bí mo ṣe fẹ̀yìn lélẹ̀ ni Ọláyínká, tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kanlẹ̀kùn.

"Ara ọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Báwo ló tiẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an?"

Mo tún sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí ń ka kátíkísìmù. Ó mi orí, ó gbàdúrà, ó bi mí bóyá mo ti gbìyànjú àlùbọ́sà. Mo ní mo ti gbìyànjú rẹ̀. Irọ́ ni.

Nígbà tí ó lọ, mo ya ojú ewé kan nínú ìwé iléèwé ọmọ náà, mo sì rọra kọ ọ̀rọ̀ sí i gàdàgbà: "Ọmọ ti sùn. Ìyá rẹ̀ náà fẹ́ sùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kanlẹ̀kùn." Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, mo padà lọ dùbúlẹ̀.

Wọ́n kanlẹ̀kùn. Àlájà Jamilah ni, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi.

"Ìyàwó, kí ni wọ́n kọ sí ara ilẹ̀kùn yìí? Ṣé ìjọba fẹ́ wó ilé ni?"

Mo kà á fún wọn. Ohùn mi le ju bí ó ti yẹ lọ.

"Àwa tí a kò kàwé ńkọ́? Báwo ni a ṣe fẹ́ mọ̀?"

"Ẹ̀yin náà, ẹ má kanlẹ̀kùn, Àlájà."

Ojú tì mí lójú ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ ṣíbí méjì náà, èyí tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. "Ó ti rẹ̀ mí, Àlájà. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí."

Wọn kò gbàdúrà. Wọn kò dárúkọ àlùbọ́sà. Wọ́n wọ́ àga mi kan jáde, wọ́n jókòó dí ẹnu ọ̀nà.

"Wọlé. Bí ọmọ náà bá mira, màá gbọ́."

Kò pẹ́ tí Abdulmumin, àbúrò ọkọ mi, fi dé láti Ọjà'ba.

"Àlájà, mo wá kí ọmọ ni."

"Ó ń sùn. Ìyá rẹ̀ náà ń sùn."

"Lọ́sàn-án gangan? Ìyá ọmọ?"

"Ìwọ náà ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti rí ọ, o la ẹnu sílẹ̀."

Ohùn wọn gba gbogbo àgbàlá. Ta ni yóò sùn nínú irú ariwo yẹn? Mo fẹ́ dìde lọ bẹ̀ wọ́n. Abdulmumin ń sọ pé ìyàwó òun bí mẹ́rin, kò sùn lọ́sàn-án rí. Àlájà ní kí ó lọ bi ìyàwó náà bóyá kò wù ú.

N kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí.